Páìpù omi abẹ́ ilẹ̀ nínú ọgbà màlúù: ẹ wo ihò rẹ̀ kí ẹ tó wo jíjìn yàrà

Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí oko rẹ̀ wà lọ́nà Àrán-Ọ̀rin, nítòsí Ọ̀mù-Àrán, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi: "Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní màlúù 60 nínú ọgbà tí mo fi wáyà yí ká. Kànga ẹ̀rọ wà nítòsí ilé, sólà ló ń fa omi rẹ̀ sínú táǹkì lítà 5,000 tó wà lórí irin mítà 4. Ibi tí àwọn ẹran ti ń jẹko jù jìnnà sí táǹkì tó mítà 600, ilẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀ lọ síbẹ̀. Odò kékeré kan wà níbẹ̀, àmọ́ ó máa ń gbẹ kí oṣù kìíní tó parí. Mo fẹ́ ri páìpù mọ́lẹ̀ láti táǹkì dé ibẹ̀. Ọmọ mi fi fídíò kan ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí yàrà jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Púlọ́ńbà wa ní ẹsẹ̀ kan ti tó, pé kí n ra páìpù tirikọ́tà, nítorí páìpù tín-ín-rín ló ń fún omi lágbára. Ó tún ní kí n gbé táǹkì ga dé mítà 7. Òkè kékeré kan tó jẹ́ yangí wà láàárín ọ̀nà. Èwo ni kí n ṣe?"

Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú ẹran, ẹ sì kú ìnáwó. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú ìwé yín, ṣùgbọ́n bí mo ṣe kà á, ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn gan-an ni pé tí odò yẹn bá gbẹ, tí oòrùn oṣù kẹta sì mú, ṣé omi yóò máa dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹran bó ṣe yẹ? Jíjìn yàrà kọ́ ni yóò dáhùn ìyẹn. Ihò páìpù, ìyẹn bí inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ni, àti bí ilẹ̀ ṣe ga sókè tàbí rẹlẹ̀ láti ìdí táǹkì títí dé ọpọ́n ìmumi. Mo ti dé oko tí wọ́n gbẹ́ yàrà ibẹ̀ kan àyà, tí owó tán, tí omi tó ń jáde lẹ́nu páìpù kò sì kún garawa kan láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti fídíò. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ wọn ni wọ́n ń sọ. Ní apá ibi tí òtútù ti ń mú gan-an ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń dì, dídì náà a sì máa wọlé lọ sísàlẹ̀. Omi tó bá di yìnyín nínú páìpù ń wú, a sì bẹ́ páìpù. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ ibẹ̀ fi ń lépa ẹsẹ̀ mẹ́rin, kí páìpù lè wà nísàlẹ̀ ibi tí òtútù dé. Ọyẹ́ tiwa, bó ti wù kó mú tó láàárọ̀ oṣù kejìlá, kò lè sọ omi di yìnyín. Ohun tí àwa ń sá fún ni ọkọ́, iná, oòrùn àti pátákò màlúù. Ẹni tó ń kọ ebè iṣu lè fi ọkọ́ kan nǹkan ní ẹsẹ̀ kan sísàlẹ̀ láìmọ̀, túrákítọ̀ tó ń túlẹ̀ náà sì lè dé ibẹ̀. Ẹ lè sọ pé ẹran ló wà nínú ọgbà yín, kì í ṣe iṣu. Lónìí ni. Ilẹ̀ tí ìgbẹ́ màlúù ti ń bọ́ sí fún ọdún mélòó kan, ẹnì kan nínú ilé yóò ṣì fẹ́ fi gbin nǹkan. Àwọn tó ń sọ pé kí ẹ tẹ́ páìpù sórí ilẹ̀, kí ẹ fi ewé bò ó, wọ́n gbàgbé iná ẹ̀ẹ̀rùn. Lọ́dọọdún ni igbó ń jó lápá ọ̀hún, rọ́bà tó bá sì wà lójú ọ̀nà iná yóò yọ́ mọ́lẹ̀. Kí iná tó dé pàápàá, omi inú rẹ̀ á ti gbóná lọ́sàn-án débi pé màlúù á kàn fi ẹnu tọ́ ọ wò ni, á sì padà. Nítorí náà, ẹsẹ̀ kan kéré, ẹsẹ̀ mẹ́rin jẹ́ fífi owó ṣòfò. Sẹ̀ńtímítà 60, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà méjì, ni mo máa ń ní kí wọ́n gbẹ́. Níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù tàbí túrákítọ̀ bá ń gbà kọjá, ẹ jẹ́ kó tó sẹ̀ńtímítà 90, kí ẹ sì ti páìpù omi bọ inú páìpù irin tó tóbi jù ú lọ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kan dé ìkejì.

Ọ̀rọ̀ pé páìpù tín-ín-rín ló ń fún omi lágbára ni mo fẹ́ ká jókòó tì, nítorí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn púlọ́ńbà wa, ó sì ti ba iṣẹ́ púpọ̀ jẹ́. Mo mọ ibi tí wọ́n ti rí i. Ẹni tó bá fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà omi díẹ̀ yóò rí i tí omi ń fò jìnnà, yóò sì rò pé òun ti fi agbára kún un. Kí onítọ̀hún gbé garawa síbẹ̀, kó wo aago. Garawa yẹn yóò pẹ́ kó tó kún ju ìgbà tó mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ. Omi ń sáré lẹ́nu ihò kékeré, àmọ́ kò pọ̀, bí omi ṣe pọ̀ tó sì ni màlúù ń wá. Agbára tó wà nínú páìpù nígbà tí gbogbo ẹ̀rọ bá wà ní títì kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ihò rẹ̀. Bí ojú omi inú táǹkì ṣe ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ ló ń pinnu rẹ̀: gíga mítà 10 ń fún wa ní nǹkan bíi bar 1 (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára omi inú páìpù), yálà páìpù náà tóbi ni o, tàbí ó kéré. Ìgbà tí ẹ bá ṣí ẹ̀rọ ni ìyàtọ̀ dé. Bí omi ṣe ń lọ, ó ń ha ara páìpù, gbogbo mítà tó bá sì kọjá ló ń gba díẹ̀ lára agbára yẹn. Bí ihò bá ṣe kéré tó ni omi yóò ṣe sáré tó kó tó ráyè kọjá, bẹ́ẹ̀ sì ni agbára tó ń sọ nù á ṣe pọ̀ tó. Nínú ilé, tí páìpù kò ju mítà 10 sí 15 lọ láti táǹkì dé balùwẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Ìdí nìyẹn tí púlọ́ńbà tó mọ iṣẹ́ ilé dáadáa fi lè ṣi iṣẹ́ oko ṣe, láìjẹ́ pé ó ń wá bí yóò ṣe rẹ́ yín jẹ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò tiyín. Irin táǹkì jẹ́ mítà 4. Ẹ ò sọ bí ilẹ̀ ṣe rẹlẹ̀ tó níbi odò, ẹ jẹ́ kí n fi í sí mítà 2 ààbọ̀, ká yọ ìdajì mítà kúrò fún gíga ọpọ́n. Ó ku mítà 6 tí yóò máa ti omi lọ. Rọ́bà dúdú tí wọ́n ń pè ní tirikọ́tà, tí wọ́n kọ 25 sí lára, ìta rẹ̀ ni wọ́n wọ̀n tí wọ́n fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ihò inú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílímítà 20 lọ. Pẹ̀lú mítà 6 yẹn, lẹ́yìn ìrìn mítà 600, omi tó máa ti inú rẹ̀ jáde jẹ́ bíi lítà 7 ní ìṣẹ́jú kan. Oní-32 á fún yín ní bíi lítà 16, oní-40 ní bíi 30, oní-50 á sì lé ní 50. Ìṣirò ni o, ìsopọ̀ àti ìdọ̀tí yóò gé díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń fò sókè: tí ihò bá di ìlọ́po méjì, omi tó ń kọjá á tó ìlọ́po mẹ́fà.

Ẹ wá fi wé ohun tí ẹran nílò. Màlúù oníké tiwa yìí ń mu tó lítà 30 sí 50 lójúmọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tó ń fún ọmọ lọ́mú sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 40-40, màlúù 60 yóò mu lítà 2,400. Mi ò ní purọ́ fún yín: tirikọ́tà lè gbé iye yẹn dé ibẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́fà. Tó bá jẹ́ pé màlúù máa ń tò láti òwúrọ̀ dálẹ́, kí wọ́n máa mu lọ́kọ̀ọ̀kan, à bá parí ọ̀rọ̀ síbí. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Agbo ń rìn pọ̀ ni, ọ̀sán gangan ni gbogbo wọn ń dé lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí òǹgbẹ ń gbẹ sì lè fa ogún lítà kó tó gbé orí sókè. Tí ọpọ́n yín bá jẹ́ lítà 300, bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ yóò gbé e gbẹ, ìyókù á máa kan ara wọn lórí ìsàlẹ̀ tó ti gbẹ. Àwọn ọmọ màlúù àti àwọn tí kò lágbára ni yóò padà láìmu, ẹ sì lè máà mọ̀ títí wọn yóò fi rù.

Nítorí náà ọ̀nà méjì ló wà, ẹ̀yin lẹ máa yàn. Ẹ lè ra páìpù tó fẹ̀, kí ọpọ́n máa kún bí wọ́n ṣe ń mu, tàbí kí ẹ fi páìpù mọ níwọ̀nba, kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọpọ́n ńlá tó gba lítà 2,000 sí 2,500, tí yóò máa kún láàárín òru. Ọ̀nà kejì máa ń dín owó kù. Àléébù rẹ̀ ni pé omi tó jókòó pẹ́ ń hu nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀, ẹ̀fọn á máa pamọ síbẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa fọ̀ ọ́ lóòrèkóòrè, mo sì ti rí i pé lẹ́yìn ọdún kan kì í sí ẹni tó ń fọ̀ ọ́ mọ́. Tó bá jẹ́ tèmi, oní-40 ni máa rà, pẹ̀lú ọpọ́n lítà 1,000, nítorí agbo yóò pọ̀ sí i, ẹ ò sì ní fẹ́ tú ilẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Tí owó kò bá dé ibẹ̀, ẹ fi oní-40 ṣe mítà 300 àkọ́kọ́ láti ìdí táǹkì, kí ẹ fi oní-32 parí rẹ̀. Ẹ ó ṣì rí bíi lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ má ṣe yí i padà o, èyí tó fẹ̀ ni kó ṣáájú. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Ní ti gbígbé táǹkì ga sí i, mi ò fara mọ́ ọn. Láti mítà 4 sí 7 dà bíi nǹkan ńlá, ṣùgbọ́n omi tó máa ti ibẹ̀ wá kò ju ìdá mẹ́rin kan lé lórí èyí tó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Lítà 7 tirikọ́tà kò ní pé 9. Ẹ ó sì ti ra irin, ẹ ó ti da kọnkéré ìdí rẹ̀, ẹ ó ti gbé omi tọ́ọ̀nù márùn-ún sókè fún ìjì tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́kọ́ láti máa jà mọ́.

Òkè yangí tó wà láàárín yẹn ni mo rò pé kò sí ẹni tó ronú nípa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló lè da gbogbo ètò yìí rú. Tí omi bá fi máa dé ìdajì ọ̀nà, ó ti ná ìdajì agbára rẹ̀, ìyẹn mítà 3 nínú mítà 6. Ẹnu ọ̀nà tí omi ń gbà jáde nídìí táǹkì ga ní mítà 4. Nítorí náà, tí góńgó òkè yẹn bá fi ju mítà 1 lọ ga ju ilẹ̀ ìdí táǹkì, omi yóò máa fà á lọ́ra, tàbí kó dá dúró pátápátá. Tí páìpù tó fẹ̀ bá wà ní apá àkọ́kọ́, ohun tó máa ná kó tó dé orí òkè á dín kù, èyí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi mítà kan ààbọ̀ kún àyè tí ẹ ní. Afẹ́fẹ́ tún wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú páìpù máa ń sá lọ sí ibi tó ga jù, á jókòó síbẹ̀, á dí ọ̀nà mọ́ omi. Agbára kékeré bíi tiyín yìí kò sì lè tì í jáde. Ẹ óò rí i pé táǹkì kún, páìpù kò jò, ọpọ́n gbẹ, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ omi kékeré kan sí góńgó òkè yẹn, nínú àpótí kọnkéré. Ìgbàkigbà tí páìpù bá gbẹ, ẹ ṣí i títí omi tó ń jáde yóò fi dákẹ́ títutọ́. Ẹ fi òmíràn sí ibi tó rẹlẹ̀ jù láti máa fi tú ẹrẹ̀ àti ìpẹtà kànga dànù. Wíwọn òkè náà kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá: rọ́bà lẹ́bẹ́ẹ̀lì tí àwọn bíríkìlà ń bu omi sí ti tó. Tó bá ga jù, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yí ká, tàbí kí ẹ gbẹ́ ẹ wọlé. Ibẹ̀ nìkan ni ẹsẹ̀ mẹ́rin tí ọmọ yín sọ ti lè wúlò.

Ní ti irú páìpù, èyí tó le tó funfun, tí a ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, wà níbi gbogbo ní Ìlọrin àti Ọ̀ffà, púlọ́ńbà kankan kò sì ní sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n so. Àmọ́ mítà 6 ni ọ̀kan, ìyẹn á jẹ́ nǹkan bíi ọgọ́rùn-ún ojú ìsopọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ yín. Rọ́bà dúdú máa ń wá ní ìdì mítà 100, ojú ìsopọ̀ rẹ̀ á jẹ́ márùn-ún sí mẹ́fà, ó sì ń tẹ̀ lé ilẹ̀ tí kò tẹ́jú. Ìsopọ̀ rẹ̀ wọ́n ju gọ́ọ̀mù lọ, síbẹ̀ òun ni máa mú fún ilẹ̀ yangí. Wọ́n ń kọ PN sí i lára, iye bar tó lè gbà. Agbára tiyín kò pé bar 1, nítorí náà PN6 pàápàá tó, PN10 ni mo fẹ́ nítorí wàhálà kíkó àti títẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta PN16 fún yín pé òun ló le jù: ara rẹ̀ nípọn sínú ni, ihò tí ẹ ń sanwó fún ló ń gbà. Ẹ sì ṣọ́ra fún páìpù fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń lò fún omi ìdọ̀tí tàbí wáyà iná. Àwọn kan ń rì í mọ́lẹ̀ nítorí pé ó pọ́ọ́kú.

Nínú yàrà, yangí ni ọ̀tá. Òkúta ẹnu mímú kan tó bá fara ti páìpù kò ní ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ náà, oṣù díẹ̀ sí i ni ìwúwo ilẹ̀ àti màlúù yóò tì í wọlé. Ẹ da yanrìn sẹ̀ńtímítà 10 sí ìsàlẹ̀, kí ẹ fi yanrìn bo páìpù mọ́lẹ̀ bákan náà kí èyí tí wọ́n gbẹ́ jáde tó padà. Níbi tí dígà bá ti kọ̀ pátápátá, sẹ̀ńtímítà 45 ṣì dára tí ẹ bá da kọnkéré fẹ́lẹ́ lé yanrìn náà lórí. Ohun kan tún wà tí a kì í sábà kà sí: rọ́bà tó ti wà nínú oòrùn ń gùn sí i, tó bá tutù lábẹ́ ilẹ̀ á súnkì. Mítà 100 lè fi bíi sẹ̀ńtímítà 40 kúrú tí ìgbóná bá fi dígírì 20 lọ sílẹ̀, ìyẹn sì tó láti fa ìsopọ̀ yọ. Ẹ jẹ́ kó wọ́ díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì nínú yàrà, àárọ̀ kùtù sì ni kí ẹ bò ó. Kí ẹ tó bo ojú ìsopọ̀, ẹ kún gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú omi, ẹ ti fááfù ọ̀dọ̀ ọpọ́n, ẹ pa sólà, kí ẹ sàmì sí ojú omi nínú táǹkì, kó sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Tí àmì yẹn bá lọ sílẹ̀, jíjò wà. Ẹ ya àwòrán yàrà náà pẹ̀lú fóònù kí wọ́n tó kún un, kí ẹ sì ri òpó kékeré onísìmẹ́ńtì mọ́ gbogbo ibi tó bá ti yà, nítorí ẹni tó máa tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú lè máà jẹ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Ibi tí páìpù ti ń yọrí jáde sí ọpọ́n ni màlúù ti ń bà á jẹ́ jù. Wọn á fi ara ha á, wọn á fi ìwo tì í, omi tó bá ṣàn sílẹ̀ á di ẹrẹ̀, pátákò á sì máa wa ilẹ̀ títí sẹ̀ńtímítà 60 yín á fi ku díẹ̀. Ẹ da kọnkéré yí ọpọ́n ká tó mítà 2 sí 3, kí páìpù gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, kó yọ nínú ìyẹ̀wù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n, tí ẹ ó fi síláàbù dé. Inú ibẹ̀ ni kí bọ́ọ̀lù tó ń ti omi wà. Bọ́ọ̀lù tí ahọ́n màlúù bá lè kàn kò ní pẹ́ tí yóò fi kán, tó bá sì kán ní òru, táǹkì yín á ti gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìparí òjò ni kí ẹ gbẹ́ ẹ, láàárín oṣù kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Ilẹ̀ ṣì rọ̀ nígbà yẹn, yàrà kì í sì fi bẹ́ẹ̀ wó. Tó bá di oṣù kejì, owó tí àwọn tó ń gbẹ́ yangí máa bèèrè á yàtọ̀, wọ́n ò sì jẹ̀bi. Mi ò tíì fi ojú ara mi rí ilẹ̀ yín, mítà 2 ààbọ̀ tí mo fi ṣírò lè má rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wọn òkè yẹn àti ìdí odò kí ẹ tó ra rọ́bà kankan. Tí góńgó òkè bá ju mítà 1 lọ ga ju ilẹ̀ ìdí táǹkì, ẹ má tíì san owó yàrà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ iye náà ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ ya bí ilẹ̀ ṣe rí sórí bébà, ká wo ibòmíràn tí páìpù lè gbà.